Miqyās Odò Náílì: Ohun tí Àwòrán Fi Hàn Nínú Ìtàn Omi

Ẹ̀yin ará wa nínú Islam, gbogbo wa la mọ ìtàn Ànábì Yūsuf (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a): ọdún méje ọ̀pọ̀, ọdún méje ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí rẹ̀ ńkọ́ nínú ìwà odò Náílì fúnra rẹ̀?

Ní ọdún 861 (247 Hijira), kàlífà al-Mutawakkil kọ́ Miqyās sí erékùṣù Rawḍa ní Cairo. Kòtò jíjìn tí a fi òkúta mọ ni, omi Náílì máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀ láyé ìgbà náà. Òpó kan dúró láàárín, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ sàmì sí i lára. Láyé ìgbà náà, bí omi bá dé ìgbọ̀nwọ́ 16, ayọ̀ dé, ìjọba á sì gba owó ilẹ̀. Bí kò bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ìyàn dé nìyẹn. Láyé kàlífà al-Mustanṣir, láti nǹkan bí 1065 sí 1072, ìyàn pa èèyàn rẹpẹtẹ.

Àwọn òdiwọ̀n mìíràn ti wà ṣáájú Miqyās yìí. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ bí omi ṣe lọ sílẹ̀ tó lọ́dọọdún fi bẹ̀rẹ̀ láti 622 títí dé 1284: ọdún 663! Ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà wọ̀nyí lọ bẹ́ẹ̀, orí á fọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n to ọdún sí ìsàlẹ̀ ìwé, fi gíga omi sí ẹ̀gbẹ́, kán àmì kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, kí o sì fa ìlà so wọ́n pọ̀: ìtàn á yọ síta.

Hurst, ará Bìrìtìkó tó dé Íjíbítì ní 1906, tún fi ọgbọ́n kún un. Ọdún tó bá ju ìpíndọ́gba lọ, ó fi kún. Èyí tó bá dín, ó yọ kúrò, bí oníṣòwò ṣe ń ka èrè àti àdánù. Ní 1951 ó kọ ọ́ jáde pé ọdún rere ń tẹ̀lé ọdún rere, ọ̀dá ń tẹ̀lé ọ̀dá, ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Nítorí náà, adágún tí a óò fi tọ́jú omi gbọ́dọ̀ tóbi ju èrò wa lọ. Ní 1968, Mandelbrot àti Wallis fi orúkọ Yūsuf pe ìwà omi yìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, Ànábì Yūsuf kò túmọ̀ àlá lásán; ó kọ́ wọn láti tọ́jú oúnjẹ pamọ́. Ẹni tó bá wo ọdún kan ṣoṣo, á jẹ àjẹtán. Ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí ẹ sì máa yà á ní àwòrán.