Àyẹ̀wò kóòdù àṣìṣe nínú àbójútó mẹ́mọ́rì kernel Linux

Kernel ni apá ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń pín mẹ́mọ́rì fún gbogbo ètò tó wà lórí ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń gbà á padà. Bí ètò kan bá béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, kernel gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, kó sì sọ ìdí. Nínú Linux, tí Linus Torvalds gbé jáde ní Finland ní ọdún 1991, nọ́ńbà ni ìdáhùn náà. Ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò kóòdù àṣìṣe ń wo ohun méjì: ṣé nọ́ńbà yẹn dé etí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, àti pé ṣé gbogbo ohun tí wọ́n ti gbà kí iṣẹ́ tó bàjẹ́ ni wọ́n dá padà. Ohun tó mú iṣẹ́ yìí le ni pé kóòdù tí wọ́n ń yẹ̀ wò kì í sábà ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kan lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láì gba ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ de ọjọ́ tí mẹ́mọ́rì bá tán.

Bí ìdáhùn ṣe ń wá

Bí iṣẹ́ bá lọ déédéé, òdo ni ọ̀pọ̀ fọ́ńṣọ̀n inú kernel máa ń dá padà. Bí kò bá lọ déédéé, nọ́ńbà tó kéré sí òdo ni: -12, tí wọ́n ń pè ní ENOMEM, ń sọ pé kò sí mẹ́mọ́rì, -14, EFAULT, ń sọ pé àdírẹ́sì tí wọ́n mú wá kò dára, -22, EINVAL, ń sọ pé ohun tí wọ́n béèrè kò bá ìlànà mu. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti yẹ kí fọ́ńṣọ̀n dá àdírẹ́sì padà dípò nọ́ńbà lásán. Ọgbọ́n tí Linux dá sí i ni pé àdírẹ́sì 4,095 tó gbẹ̀yìn lókè pátápátá ni wọ́n yà sọ́tọ̀. Èyíkéyìí tó bá bọ́ síbẹ̀, kóòdù àṣìṣe ló gbé agọ̀ àdírẹ́sì wọ̀. ERR_PTR ló ń wọ agọ̀ náà fún un, PTR_ERR ló ń bọ́ ọ, IS_ERR ló ń dá a mọ̀.

Àmọ́ kmalloc, fọ́ńṣọ̀n tí kóòdù inú kernel fi ń béèrè mẹ́mọ́rì, kì í lo ọgbọ́n yìí. NULL, ìyẹn àdírẹ́sì òfo, ló ń dá padà bí mẹ́mọ́rì kò bá sí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá NULL lọ́wọ́ fọ́ńṣọ̀n tó ń lo ERR_PTR kò yẹ ohunkóhun wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú ẹni tó ń sáré ka kóòdù náà, ó ti ṣe ohun tó yẹ.

Irú ìdáhùn mìíràn tún wà. Àwọn fọ́ńṣọ̀n tó ń dáhùn nígbà tí ètò bá fọwọ́ kan ojú-ewé mẹ́mọ́rì tí kò tíì sí ní sẹpẹ́, wọ́n ní èdè tiwọn, bíi VM_FAULT_OOM àti VM_FAULT_SIGBUS. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ńbà lásán ni kọ̀ǹpáílà ka irú ìdáhùn yìí àti kóòdù bíi ENOMEM sí, kò sì sí ohun tó lè kìlọ̀ bí ẹnìkan bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ní ọdún 2018, nínú Linux 4.17, wọ́n dá orúkọ vm_fault_t sílẹ̀ láti ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ti dídá nǹkan padà ńkọ́? Ẹni tó wọ agbádá lé bùbá, agbádá ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Bákan náà ni kernel ṣe ń fi goto fò lọ sí ìsàlẹ̀ fọ́ńṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń tú ohun tí wọ́n gbà gbẹ̀yìn sílẹ̀ ṣáájú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Ìwé ìlànà ìkọ̀wé kernel fúnra rẹ̀ kìlọ̀ nípa àléébù kan tó wọ́pọ̀: kí ibi ìjáde kan ṣoṣo máa tú ohun tó wà nínú àpò sílẹ̀ nígbà tí àpò náà gan-an kò tíì sí. Láti Linux 6.5 ti ọdún 2023, iṣẹ́ Peter Zijlstra ti jẹ́ kí kọ̀ǹpáílà lè máa ṣe ìtúsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kóòdù àtijọ́ tó ń lo goto ṣì pọ̀ lọ jàra.

Ọ̀ràn mremap

Kò sí àpẹẹrẹ tó fi ewu ìdáhùn tí a kò gbọ́ hàn bí ti oṣù Èrèlé ọdún 2004. Iṣẹ́ mremap ni láti sún agbègbè mẹ́mọ́rì kan láti ibì kan sí òmíràn, tàbí láti fẹ̀ ẹ́ tàbí dín in kù. Bí ibi tí wọ́n ń sún un lọ bá ti ní nǹkan lórí, kernel á kọ́kọ́ pe do_munmap kó palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ta ni yóò rò pé pípalẹ̀mọ́ lè kùnà? Ó lè kùnà o. Bí a bá yọ àárín agbègbè kan kúrò, agbègbè kan á di méjì, iye agbègbè tí ètò kan sì lè ní nígbà náà kò ju nǹkan bí 65,536 lọ. Ètò tó bá ti dé góńgó yẹn á gba -12 nígbà tó fẹ́ dá mẹ́mọ́rì padà.

do_munmap sọ ọ́; do_mremap kò gbọ́. Ó ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé ilẹ̀ ti mọ́, àkọsílẹ̀ agbègbè mẹ́mọ́rì kò sì bá ohun tó wà nínú tábìlì ojú-ewé mu mọ́. Paul Starzetz ti ilé-iṣẹ́ iSEC fi hàn pé ẹnikẹ́ni tó bá ní àyè láti wọlé sórí ẹ̀rọ lè tipa bẹ́ẹ̀ di root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá. Ọ̀ràn náà, CVE-2004-0077, kan Linux 2.2, 2.4 àti 2.6, ẹ̀dà 2.4.25 àti 2.6.3 ló mú àtúnṣe wá. Ohun tó yẹ kí olùyẹ̀wò mú dání ni pé ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún kan náà, wọ́n ti tún àléébù mìíràn ṣe nínú fọ́ńṣọ̀n yìí kan náà. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn tan, àtúnṣe ti àkọ́kọ́ kò sì dé ibi tí èkejì fara pamọ́ sí.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, fọ́ńṣọ̀n mmap_region, tó ń ṣí agbègbè tuntun, bọ́ sórí tábìlì. Jann Horn ti Google Project Zero tọ́ka sí ewu tó wà lójú ọ̀nà àṣìṣe rẹ̀: bí dráífà kan bá kọ iṣẹ́ lágbedeméjì, kernel ń gbìyànjú láti tú agbègbè tí kò parí. Lorenzo Stoakes tún un tò nínú Linux 6.12, ní oṣù Bélú ọdún 2024, ó sì kó àwọn àyẹ̀wò àti ìgbàsílẹ̀ mẹ́mọ́rì tó lè kùnà sí iwájú, kí wọ́n má baà wáyé nígbà tí iṣẹ́ bá ti dé àárín. CVE-2024-53096 ni nọ́ńbà ọ̀ràn náà.

Ṣé ìbéèrè kékeré lè kùnà?

Níbí ni ọ̀rọ̀ kò ti tíì dọ́gba. Gbogbo ìwé ló ní kmalloc lè dá NULL padà. Ṣùgbọ́n ní ti ìṣe, bí ìbéèrè kò bá ju ojú-ewé 8 lọ, ìyẹn 32 KB lórí ẹ̀rọ tí ojú-ewé rẹ̀ jẹ́ 4 KB, tó sì lo GFP_KERNEL, àmì ìbéèrè tó lè dúró de mẹ́mọ́rì, kernel kì í sábà jẹ́ kó kùnà: á máa gbìyànjú, á pa ètò kan láti rí àyè, á sì tún gbìyànjú. Ní ìparí ọdún 2014, ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn láàárín àwọn olùtọ́jú mẹ́mọ́rì bíi Michal Hocko àti àwọn ti fáìlì sístẹ́mù bíi Dave Chinner ti XFS. Àwọn kan ní ó yẹ kí ìbéèrè máa kùnà, nítorí pé ẹni tó ń dúró lè di àgádágodo tí ètò tí wọ́n fẹ́ pa nílò mú, kí gbogbo rẹ̀ wá há. Àwọn kan ní bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà, ọ̀pọ̀ ọ̀nà àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí ni yóò jí lọ́jọ́ kan. Ó ṣòro láti sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló borí. Ohun tí ìwé kernel ń sọ báyìí ni pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í sábà kùnà, pé kò sí ìdánilójú, àti pé kí olùpè máa yẹ ìdáhùn wò. Fún olùyẹ̀wò, apá tó kẹ́yìn nìkan ló ṣeé dì mú.

Ohun èlò

Láti Linux 2.6.20 ti ọdún 2007 ni failslab àti fail_page_alloc ti wà. Wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ìbéèrè mẹ́mọ́rì kùnà, kí ọ̀nà tó ń sùn lè ṣiṣẹ́ lójú ẹni. Syzkaller, ètò ìdánwò kernel tí Dmitry Vyukov ṣe ní Google, ń lo irú ìkùnà àtọwọ́dá yìí pẹ̀lú. Coccinelle ti Inria ní Faransé àti Smatch ti Dan Carpenter ń ka kóòdù láìjẹ́ kó ṣiṣẹ́ rárá. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Wisconsin ní ọdún 2008 fi irú ọ̀nà kíkà bẹ́ẹ̀ wo fáìlì sístẹ́mù Linux àti àwọn dráífà ìpamọ́ dátà, kì í ṣe apá mẹ́mọ́rì, ó sì rí ìpè 1,153, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, tó ju kóòdù àṣìṣe nù láì fọwọ́ kàn án.

Àwọn kernel mìíràn

FreeBSD ń lo nọ́ńbà tó ju òdo lọ fún kóòdù àṣìṣe. Bí olùpè bá sì sọ M_WAITOK, ìyẹn pé òun lè dúró, ìbéèrè mẹ́mọ́rì rẹ̀ kì í dá NULL padà. Windows ní ọ̀wọ́ kóòdù tirẹ̀, NTSTATUS, nínú èyí tí 0xC0000017 ń sọ pé mẹ́mọ́rì kò tó.