Kí Ni Wọ́n Fún Wa? Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan Ní Ilẹ̀ Èkó

Bí ìyá bá fún ọmọ rẹ̀ ní àkàrà, ọmọ náà ti ni ín nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí onílẹ̀ bá fún àgbẹ̀ ní oko, ṣé àgbẹ̀ ti ni ilẹ̀ náà? Rárá o. Láyé àtijọ́, irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa mú ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún nínú irè oko rẹ̀. Owó tí a fi ra ilẹ̀ kọ́; ẹ̀rí ni pé ó mọ ẹni tó ni ín. "Fún" kan náà ni, ìtumọ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó náà ní irú rẹ̀. "Give" tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí, "geben" ni ní èdè Jámánì. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ẹ̀bùn ni "gift" lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n májèlé ni "Gift" ní Jámánì lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí a fúnni ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Èkó ti tọ́ irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé kan tí "give" wà nínú rẹ̀: pé òun fi Èkó fún Ọbabìnrin Victoria. Ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà lórí omi nígbà náà. Ta ni yóò kọ̀?

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkó kì í ṣe ti ọba nìkan. Àwọn olóyè Ìdéjọ onífìlà funfun ló ni ín. Oníru, Ẹlẹ́gùṣì àti Olúmẹ́gbọ́n, tí ará Lekki àti Ajah mọ̀ dáadáa, wà lára wọn. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Àmódù Tìjání, Olóyè Olúwa, tí òun náà jẹ́ Ìdéjọ, pe ẹjọ́. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay lọ sí London. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dájọ́ pé ìwé 1861 kò pa ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn lórí ilẹ̀ wọn rẹ́. Ìjọba gbọ́dọ̀ san owó gbà-máà-bínú.

Ọgọ́ta ọdún ló gbà kí wọ́n tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Lónìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ilẹ̀ láti Lekki títí dé Ajah, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè kí a tó fọwọ́ sí ìwé: kí ni wọ́n fún wa gan-an, ta ló sì ní ẹ̀tọ́ láti fúnni?