Kókó Kan, Iṣẹ́ Méjì: Ìtàn Léèsì Aláwọ̀n

Àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Ní òde ìnáwó Yorùbá, léèsì wà lára aṣọ tí à ń kí jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ọnà ara ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan èyí tí wọ́n ti ń kó wá láti ìlú Lustenau ní ilẹ̀ Ọ́stríà láti àwọn ọdún 1960. Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe léèsì. Ọ̀kan lára irú rẹ̀ tí ó ti pẹ́ ni léèsì aláwọ̀n, tí àwọn ará Faransé ń pè ní filet tàbí lacis. Ìtàn rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò, nítorí ó fi hàn pé iṣẹ́ lè wà títí, kí orúkọ ẹni tí ó ṣe é sì sọnù.

Ohun èèlò tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n yìí kò ju mẹ́ta lọ: òwú, abẹ́rẹ́ àwọ̀n tí wọ́n ń wé òwú mọ́, àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń díwọ̀n ojú àwọ̀n. Òṣìṣẹ́ yóò yí òwú ká igi náà, yóò ti abẹ́rẹ́ bọ ojú tí ó wà lókè, yóò sì ta kókó. Kókó yìí gan-an ni apẹja fi ń hun àwọ̀n ẹja. Ojú méjì péré ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ ní igun kan. Ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò fi ojú kan kún un. Bí àwọ̀n bá ti fẹ̀ tó ìṣẹ́tí aṣọ tí ó ń fẹ́, ọgbọ́n yí padà. Ní òpin ìlà kan yóò fi ojú kan kún un. Ní òpin ìlà kejì yóò pa ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Báyìí ni àwọ̀n yóò ṣe máa gùn láìfẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò na àwọ̀n náà sórí férémù igi títí yóò fi le dáadáa. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni wọ́n fi ń fi òwú dí àwọn ojú kan, wọn yóò sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ lófìfo. Èyí tí ó dí àti èyí tí ó ṣófo ni ó ń di òdòdó, ewé tàbí ẹyẹ. Ní ìkẹyìn, wọn yóò rán etí rẹ̀ kí ó má baà tú, wọn yóò sì so ó mọ́ aṣọ tábìlì, aṣọ pẹpẹ ìjọsìn tàbí ẹ̀wù.

Ní ọdún 1587, Federico de Vinciolo, ọmọ ìlú Venice, tẹ ìwé àwòṣe kan jáde ní Párísì, ó sì yà á sọ́tọ̀ fún Louise, ayaba Faransé. Àwòrán onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tí obìnrin lè máa ka ojú wọn bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìwé náà gbajúmọ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀ léraléra. Orúkọ Vinciolo kò parun. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n ta kókó náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ńkọ́? Ìwé kò dárúkọ wọn.

Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ wọlé. Ní ọdún 1809, John Heathcoat gba àṣẹ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀rọ tí ó ń hun àwọ̀n léèsì. Ní ọdún 1816, àwọn tí wọ́n ń pè ní Luddites ya wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Loughborough, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ 55. Heathcoat kó lọ sí Tiverton, iṣẹ́ ẹ̀rọ sì ń tẹ̀ síwájú. Síbẹ̀, ńṣe ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń lọ́ òwú mọ́ òwú. Kì í ta kókó. Bí okùn kan bá já lára àwọ̀n ọwọ́, kókó tí ó yí i ká ni kì í jẹ́ kí ìyókù tú.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò kú. Ní ìpínlẹ̀ Alagoas ní ilẹ̀ Bràsíìlì, tí àwọn Potogí ṣàkóso nígbà kan rí, wọ́n ń pè é ní filé. Ní Pontal da Barra ní Maceió, àti ní ìlú Marechal Deodoro, ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni àwọn ènìyàn ń gbé. Ọkùnrin ń fi àwọ̀n pẹja. Obìnrin ń fi òwú aláràbarà ṣe ọnà sára àwọ̀n, wọ́n sì ń tà á. Kókó kan náà ni ó ń bọ́ ilé ní ọ̀nà méjì. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ ìjọba Bràsíìlì forúkọ filé agbègbè ọ̀sà Mundaú àti Manguaba sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Oníṣòwò ibòmíràn kò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́ láti fi orúkọ agbègbè náà ta ohun tí wọn kò ṣe níbẹ̀. Òfin yìí kò dárúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó dárúkọ ilẹ̀ wọn, ìyẹn sì ju ohun tí àwọn ìyá Faransé rí gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Gbogbo ènìyàn mọ Ìbàdàndùn, àwòrán orí àdìrẹ. Ta ni ó mọ obìnrin tí ó kọ́kọ́ yà á? Àwọn aláàdìrẹ, aláró àti ahunṣọ ṣì ń bẹ láàyè ní àdúgbò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ àròkọ lórí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè orúkọ wọn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.