Ojú Afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí a tinú ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Window tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe fèrèsé, inú èdè Norse àtijọ́ ni wọ́n ti yá a: vindr ni afẹ́fẹ́, auga ni ojú. Vindauga, ojú afẹ́fẹ́. Ventana tí àwọn ará Sípéènì ń pè é, ara ventus ló ti wá, afẹ́fẹ́ náà ni lédè Látìn. Àwa náà kò yọ ojú sílẹ̀: ojú fèrèsé là ń wí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ni àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọn ò ka ẹni tó jókòó sínú ilé, tó ń wo ìta, mọ́ ọn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù dé ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ ọ̀gá rò pé iṣẹ́ fèrèsé ti parí. Atẹ́gùn wà, iná wà, kí la tún ń wá?

Ní 1984, Roger Ulrich kọ àbájáde ìwádìí kan sínú ìwé ìròyìn Science. Ó yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania wò, ti 1972 sí 1981: aláìsàn 46 tí wọ́n yọ àpò òróòro wọn. Igi ni àwọn 23 ń rí lójú fèrèsé. Ògiri bíríkì ni 23 yòókù ń rí. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé, oògùn ìrora tó le tí wọ́n lò sì kéré. Aláìsàn ni wọ́n o, kì í ṣe òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn mú kí àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa ọ́fíìsì náà.

Àwọn ará Jámánì ti fi í sófin kó tó dìgbà yẹn. Òfin ibi iṣẹ́ wọn ti 1975 ní kí òṣìṣẹ́ lè máa rí ìta. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2004, wọ́n tún dá a padà ní 2016. Sichtverbindung ni wọ́n ń pè é: kí ìríran so ènìyàn mọ́ òde.

Nígbà tí mo jẹ́ olórí ẹ̀ka, igi máńgòrò ni fèrèsé mi kọjú sí. Yàrá akọ̀wé wa kò ní fèrèsé rárá. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń wò. Bí màmá yìí bá gbé fáìlì wá, á dúró díẹ̀ létí fèrèsé mi. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Màmá, ṣé iṣẹ́ ti tán ni?"

Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ní kí n fojú gba atẹ́gùn díẹ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní imú la fi ń gba atẹ́gùn, kì í ṣe ojú. Èmi onímọ̀ èdè! Vindauga gan-an ló sọ fún mi, mo sì ń tún gírámà rẹ̀ ṣe. Àtọjọ́ náà, kò dúró létí fèrèsé mi mọ́.

Ó fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, nínú yàrá kan náà. Ẹ̀yin tó ń pín ọ́fíìsì lónìí, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sórí àga ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní yàrá, kí ẹ wo ohun tí yóò máa wò.