Ògún Ṣì Wà Lẹ́nu Ọ̀nà: Ìgbàgbọ́ Àtijọ́ Láàárín Ilé-Iṣẹ́ Ọ̀tà

Láràárọ̀ ni kọ̀ndọ́kítọ̀ máa ń ké "Ṣàngó! Ṣàngó! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" ní Òṣòdì àti ní Ìyànà-Ìpájà. Onígbàgbọ́ á dáhùn, Mùsùlùmí á dáhùn, ọmọ Íbò á dáhùn, wọn á wọlé, wọn á jókòó. Kò sẹ́ni tó máa ń rò ó pé orúkọ òrìṣà ni wọ́n ń pè yẹn. Bí ọkọ̀ bá dé Ṣàngó, tí a yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, tí a kọjá Ọ̀tà títí a fi dé Àtàn, ilé-iṣẹ́ ni a ó máa rí lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan ń yọ́ irin, àwọn kan ń ṣe ike, àwọn kan ń ṣe oúnjẹ, àwọn kan ń ṣe oògùn. Bó o bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, wọn á ní ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀, òrìṣà ti kẹ́rù lọ.

Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìgbàgbọ́ àwọn baba wa nípa irin kò kú nígbà tí ẹ̀rọ dé. Aṣọ ló pààrọ̀. Àmọ́ nínú pípààrọ̀ aṣọ yẹn, a mú ẹ̀rù dání, a sì gbàgbé òfin sílé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré o, torí ó kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ lágbègbè yìí.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká tú ìdì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òrìṣà irin ni wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ wa lórúkọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Odò Ògùn ni wọ́n fi sọ Ìpínlẹ̀ Ògùn nígbà tí ìjọba ológun dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejì, ọdún 1976. Òrìṣà irin ni Ògún. Àmì ohùn kan ṣoṣo ló ya odò sọ́tọ̀ kúrò lára òrìṣà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i fi máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ọ̀tà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú àwọn Àwórì, Ọlọ́tà sì ni ọba wọn. Ojú ọ̀nà láàárín Èkó àti Abẹ́òkúta ló wà, kò sì sí ohun tó ń lọ tàbí tó ń bọ̀ tí kò ní kan án. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1842, wọ́n sì fi í sábẹ́ àkóso wọn. Láti àwọn ọdún 1850 ni James White, ọmọ Yorùbá tó ti Sàró padà wálé, ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ CMS níbẹ̀. Ní ìlú yìí kan náà, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó, eré tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí, tí UNESCO kà mọ́ àwọn àṣà tó níyì jù lágbàáyé ní 2001. Nítorí náà, kì í ṣe òní ni Ọ̀tà ti ń gba àlejò, tí ti àtijọ́ àti ti ìgbàlódé sì ti ń gbé inú agboolé kan náà.

Ká wá sórí irin. Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ló ń wa òkúta irin, tí wọ́n ń yọ́ ọ nínú iná èédú. Ní 1904, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé ìyọ́rin kan tó rí nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ sì ń lọ níbẹ̀ nígbà tó dé ibẹ̀. Irin tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti ilẹ̀ òyìnbó ló pa iṣẹ́ ìyọ́rin, torí ó pọ̀, owó rẹ̀ ò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò jókòó tẹtẹrẹ. Irin àjèjì ló ń rọ di ọkọ́ àti àdá. Nígbà tó yá, àlòkù irin ọkọ̀ ló ń lò.

Àgbẹ̀dẹ ni ilé Ògún. Ẹwìrì, ẹmú àti ọmọ owú kì í ṣe irinṣẹ́ lásán lójú ẹni tó ń lò wọ́n. Àgbẹ̀, ọdẹ, jagunjagun, agbẹ́gilére, onígbàjámọ̀ àti olóólà, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn ń wò, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo wọn fi jọ ń bọ òrìṣà kan náà. Bí ẹ bá wo ìbọ Ògún dáadáa, ẹ ó rí i pé òfin iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo rí mẹ́ta.

Èkíní ni ìtọ́jú irinṣẹ́. Bí ọdún Ògún bá dé, wọn á kó irinṣẹ́ jọ síwájú Ògún, wọn á fọ̀ wọ́n, wọn á ta epo sí wọn, wọn á fi obì, ẹmu, èsun iṣu àti ajá bọ ọ́. Ní àkókò yẹn irin á sinmi. Ẹ yọ ajá kúrò níbẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kù: ọjọ́ kan wà lọ́dún tí gbogbo irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde síta, kí olówó rẹ̀ wò ó lójú gbangba, kó mọ èyí tó ti sán àti èyí tí èèkù rẹ̀ ti ń mì. Ohun tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ ń pè ní àyẹ̀wò ọdọọdún nìyẹn.

Èkejì ni òtítọ́. A kì í jà ní àgbẹ̀dẹ, a kì í sì í fi irin búra èké. Ẹni tó bá fẹnu kan irin ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe onídùúró ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìkóra-ẹni-níjàánu, ìtàn Ìrè-Èkìtì sì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Wọ́n ní Ògún ti ojú ogun dé, ó bá àwọn èèyàn níbi àjọ kan tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, akèrègbè ẹmu wà nílẹ̀, ó gbé e, ó ṣófo. Kò sẹ́ni tó kí i. Ló bá bínú yọ idà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ wọn lórí. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ló rí i pé àwọn èèyàn òun lòun pa, ló bá wọlẹ̀ lọ. Ìtàn yìí kò yin Ògún. Ìkìlọ̀ ni. Ẹni tó ni irin gan-an ṣi irin lò, kí la wá fẹ́ sọ nípa ọmọ iṣẹ́?

Nígbà tí ojú irin dé, Ògún ò jókòó sí àgbẹ̀dẹ. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó, ó gba Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè bọ Ògún. Mọ́tò dé, àwọn awakọ̀ bọ Ògún. Títí dòní, àwọn awakọ̀, mọkáníìkì, wẹ́dà àti fọkanáísà ní ọ̀pọ̀ gáréèjì ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń ṣọdún Ògún, wọn á da aṣọ ẹgbẹ́, wọn á sì lu ìlù. Kódà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dání: Ogum ni wọ́n ń pè é ní Bùràsíìlì, Oggún ni ní Kúbà.

Ilé ẹjọ́ pàápàá gbà á lálejò. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti fara mọ́ ọn láti ìgbà ẹjọ́ Omychund àti Barker ní 1744, níbi tí wọ́n ti gba ẹ̀rí àwọn ará Íńdíà tí kì í ṣe Onígbàgbọ́, pé ohun tí ẹlẹ́rìí bá bẹ̀rù nínú ọkàn rẹ̀ ló yẹ kó fi búra. Bí òfin yẹn ṣe tẹ̀ lé òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa, ó bá Ògún níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irin fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì àti Kùránì ní ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀tù wa. Àwọn àgbà á sì máa rẹ́rìn-ín pé ẹni tó lè fi ìwé búra láìbìkítà á ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó fẹnu kan irin.

Ṣàngó náà rí iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí àjọ tó ń rí sí iná mànàmáná kọ́ olú ilé-iṣẹ́ wọn sí Marina l'Ékòó, Ben Enwonwu, ọmọ Íbò láti Oníṣà, ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Ère Ṣàngó ló fi idẹ ṣe, wọ́n sì gbé e síwájú ilé náà ní 1964. Ẹni tó ní mànàmáná ní ojú ọ̀run ni wọ́n fi ṣe àmì mànàmáná inú wáyà. Wole Soyinka ńkọ́? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ògún ni òrìṣà tí iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ jù. Ní 1965 ló gbé eré The Road jáde. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ ohun tí Ògún ń ṣe lójú ọ̀nà ló jáde wá sọ fún awakọ̀ pé kó rọra sáré.

Àwọn kan á sọ pé Ọ̀tà ti di ilé àdúrà báyìí, kí ló kan Ògún? Òótọ́ ni. Ilé ìjọsìn Faith Tabernacle tí wọ́n ṣí ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní 1999 ní ìjókòó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50, fásitì méjì sì ti dé sí ìlú náà, Covenant ní 2002 àti Bells ní 2005. Mọ́ṣáláṣí náà ò lóǹkà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí à ń ṣe bí a bá ra ọkọ̀ tuntun. Onígbàgbọ́ á pe pásítọ̀ kó ta òróró sí i, kó sì fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò ó. Mùsùlùmí á pe àáfáà kó ṣe àdúà sí i, á sì fi tẹ̀sùbáà kọ́ iwájú. Mi ò bú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí gbogbo wa ti bẹ̀rẹ̀ kan náà ni: irin ní agbára tó ju ti ẹni tó ń lò ó lọ, kò sì dáa kéèyàn gùn ún láìkọ́kọ́ tọrọ ààbò. Èrò alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn mí nìyí. Bí ẹ̀rọ bá gé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ nílé-iṣẹ́ kan, kí ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò? "Iṣẹ́ ayé ni." "Ògún ló fẹ́ gbẹ̀jẹ̀." "Ẹ bá a bẹ Ọlọ́run." Wọn á gbà á lọ sí ilé àdúrà tàbí ilé babaláwo, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò ní sẹ́ni tó máa béèrè bóyá wọ́n fi nǹkan bo ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń yí, bóyá wọ́n kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, tàbí bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́ láti àná láìsùn. A gbé ẹ̀bi fún òrìṣà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sì bọ́.

Bẹ́ẹ̀ òfin wà. Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti 1987 pa á láṣẹ pé kí wọ́n ṣe ààbò yí ibi tó léwu lára ẹ̀rọ ká. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sí àpò kan lọ́dọ̀ àjọ NSITF. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kò sì pọn dandan kó kọ́kọ́ fi hàn pé ẹ̀bi ọ̀gá ni. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ náà sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ẹni tó bá ti lo oṣù kan lórí òkè àdúrà kó tó sọ̀rọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà náà mọ́ra rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kó má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kó fìwé ránṣẹ́ ná.

Bí a bá bi alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́, kò ní sọ pé Ògún kàn ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Á kọ́kọ́ béèrè pé: ta ló fi irinṣẹ́ sílẹ̀ láìtọ́jú? Ta ló purọ́? Ta ló bínú tàbí mutí wọ ibi iṣẹ́? Lójú tirẹ̀, àṣìṣe èèyàn ló ń ṣílẹ̀kùn fún jàǹbá. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn gan-an ni òfin òde òní náà ń béèrè, èdè ló yàtọ̀. Nítorí náà, irọ́ ni ká máa sọ pé ìgbàgbọ́ àtijọ́ ló ń fa ọwọ́ aago wa sẹ́yìn. Àjẹkù rẹ̀ ni à ń jẹ, tí a ní obẹ̀ náà ò dùn.

Àwa tí a ń kàwé yìí, púpọ̀ nínú wa ló máa lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ tàbí àgùnbánirọ̀ ní irú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn kan á sì di ọ̀gá níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ wo ẹ̀rọ kí ẹ tó tan iná sí i. Bí nǹkan bá sì ṣe ẹnìkan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi irọ́ kún un, bí ẹni tó fẹnu kan irin.