Ìtàn Ẹ́síìlì Iwájú Mọ́tò

Iṣẹ́ ẹ́síìlì iwájú mọ́tò àtijọ́ kò ju méjì lọ: ó ń ru ọkọ̀, ó sì ń jẹ́ kí táyà lè yà. Ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló so táyà iwájú méjèèjì Ford Model T ti ọdún 1908 pọ̀.

Wàhálà dé nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ kí táyà tó ń yà náà máa fa ọkọ̀. Oríkèé tí wọ́n ń lò nígbà náà, èyí tó ń jẹ́ orúkọ Hooke, kì í yí dọ́gba tó bá ti tẹ̀. Kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, á ti sáré lẹ́ẹ̀mejì, á sì ti falẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ awakọ̀ lórí sítíárìn á sì gbọ̀n. Ní 1926, Jean-Albert Grégoire àti Pierre Fenaille gbé oríkèé Tracta jáde ní ilẹ̀ Faransé. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni Alfred Rzeppa, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà, ṣe tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló jókòó sínú kòtò, àgò irin sì kó wọn mọ́ra. Bó ti wù kí táyà yà tó, ibi tó pín igun oríkèé náà sí méjì dọ́gba ni àwọn bọ́ọ̀lù máa ń wà, nítorí náà yíyí táyà kì í ségesège.

Citroën Traction Avant ti 1934 wà lára àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí táyà iwájú ń fà tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu, àmọ́ Mini ti 1959, iṣẹ́ Alec Issigonis, ló gbé oríkèé Rzeppa dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Ní Nàìjíríà, Beetle tí wọ́n ń tò ní Èkó àti Peugeot 504 ti Kàdúná ló gbòde láti 1975, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti àwọn méjèèjì. Ìgbà tí Corolla yí sí iwájú ní 1983, tí tòkunbọ̀ irú rẹ̀ sì ń wọlé, ni shaft, ọ̀pá tí oríkèé náà wà lórí rẹ̀, di ọjà pàtàkì ní Ládìípọ̀, ọjà ohun èlò mọ́tò ní Èkó.

Lára shaft náà, rọ́bà tó bo gíríìsì oríkèé ló máa ń kọ́kọ́ ya. Yanrìn á wọlé, bọ́ọ̀lù á máa ha kòtò, ọkọ̀ á sì máa dún kẹ-kẹ-kẹ ní kọ́nà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á tú oríkèé náà palẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì wọ rọ́bà mìíràn fún un. Odidi shaft tó wà lọ́jà ló jẹ́ kí onímọ́tò lè ṣe é nílé: á dẹ nọ́ọ̀tì àárín táyà kó tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, nítorí ó le, á gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin, á tú ball joint, á gbé agbada sábẹ́ gíá nítorí òróró tó máa dà, á wá yọ shaft. Nọ́ọ̀tì tuntun ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n fi di èyí tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀.