Ọ̀pá Irin Tó Ń Bá Àpáta Rìn

Ní ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand, ní Gúúsù Áfíríkà, ìlú Johannesburg sì hù jáde lórí rẹ̀. Bí àwọn awakùsà ti ń tọ ipa wúrà náà lọ sísàlẹ̀, òpó àpáta tí wọn kò gbẹ́ àti igi ni wọ́n fi ń gbé àjà ihò dúró. Láìpẹ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní 1908, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ohun tó ń mi àdúgbò Ophirton. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé iṣẹ́ ìwakùsà gan-an ló fà á: ẹrù ti wọ àwọn òpó àpáta náà lọ́rùn, nígbà tí wọ́n bá sì fọ́ lójijì, ilẹ̀ a gbọ̀n.

Ẹrù náà kì í ṣe kékeré. Ní kìlómítà 3 sísàlẹ̀, àpáta tó wà lórí mítà kan níbùú-lóòró wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 8,000. Bí ara àpáta kò bá gbà á mọ́, a bú gbàmù, a sì ju òkúta lu ẹni tó wà nítòsí. Àwọn aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Lesotho àti Mozambique, ni ikú yìí ń pa jù.

Èrò àtijọ́ ni pé bí irin bá ti le tó ni ààbò ṣe tó. Ní 1969, ẹnjiníà William Ortlepp fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan, ó fi irin líle de ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi irin tó máa ń yọ̀ǹda díẹ̀ de ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì yin ẹ̀tù sínú àpáta. Ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ wó, èkejì dúró.

Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀pá irin kan ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ìdí rẹ̀ tó wọ inú àpáta nípọn ju ara rẹ̀ lọ. Wọ́n fi ìda kùn ún, wọ́n sì fi símẹ́ńtì rì í mọ́lẹ̀. Bí àpáta bá fò síwájú, ìda kì í jẹ́ kí símẹ́ńtì di ara irin mú; ìdí tó nípọn náà ni yóò máa la símẹ́ńtì kọjá, títí agbára ìbúgbàmù yóò fi rọlẹ̀. Àwọ̀n irin tí wọ́n so mọ́ ọn ni yóò gba òkúta tó fọ́.

Irú irin bẹ́ẹ̀ wọ́n ju irin lásán lọ, kò sì lè dá ilẹ̀ dúró kó má mì. Síbẹ̀, òun ló lè jẹ́ kí òṣìṣẹ́ padà sílé lálẹ́. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí ilẹ̀ tó mì ni a ti ń ra irin.